Àmì Méjì Lábẹ́ Orúkọ Ilé Kan ní Àpápá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ilé àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ní Àpápá jù mí lọ, irọ́ ló ń pa. Mo mọ iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀, mo sì mọ èyí tó máa ń dún nínú wọn. Mo mọ fèrèsé tí ẹ gbọ́dọ̀ fi èjìká tì kó tó ṣí. Mo mọ ibi tí ògiri ti nípọn débi pé, tí mo bá na apá mi sí ojú fèrèsé, ìka mi kì í kan ìta. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi mú àlejò yí ilé náà ká, kò sì sí ọjọ́ kan tó sú mi.

Ilé-iṣẹ́ kan ló ra ilẹ̀ náà, wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n ti múra láti wó ilé tó wà lórí rẹ̀, kí ẹnì kan láàárín àwọn ọ̀gá wọn tó sọ pé ilé tó lẹ́wà tó báyìí, ẹ jẹ́ kí aráyé máa wá wò ó. Ni wọ́n bá gba amọ̀nà méjì. Ọkùnrin kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ fún àwọn atukọ̀ àti àwọn òyìnbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní wáàfù. Èmi ń fi Yorùbá ṣe tèmi fún ọmọ ilé-ìwé, fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, fún ẹgbẹ́ alásàlátù, fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti yà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, mọ́tò ṣì ń gba apá òsì, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún tí ẹnu rẹ̀ mú. Ẹnì kejì mi máa ń ka tirẹ̀ láti inú ìwé bí ẹni ń ka ìwé ìpè kóòtù. Èmi kì í mú ìwé dání. Mo máa ń ní kí àlejò fọwọ́ kan ògiri, kí wọ́n gbóòórùn pákó, kí wọ́n dúró sínú yàrá tí oòrùn kì í dé, kí wọ́n sọ bí ara wọn ṣe tutù tó.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, alájà kan, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ àwọn èèyàn Èkó láti máa kọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí kìrìbìtì lókè bí ìdajì àwo. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó yí gbogbo fèrèsé ká, gíláàsì pupa àti aláwọ̀ aró sì wà lókè ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé láàárọ̀ ilẹ̀ pálọ̀ á pọ́n níhìn-ín, á dúdú lọ́hùn-ún. Lókè ẹnu ọ̀nà ńlá, níwájú ilé, lẹ́tà ńláńlá mẹ́fà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ wà níbẹ̀: ILE OKO.

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ fún wa sọ pé oníṣòwò kan ló kọ́ ọ. Ó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkùnrin náà ń gbé, pé ó kàn máa ń wá síbí láti sinmi nígbà tí Àpápá ṣì jẹ́ oko, ìdí nìyẹn tó fi pè é ní Ilé Oko. Mo gbà á gbọ́, mo sì fi iyọ̀ àti ata sí i. Tí mo bá ti ka orúkọ yẹn tán, màá na ọwọ́ sí ọ̀nà wáàfù, màá ní, "Ibi tí ẹ ti ń wo kéréènì yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ni." Ta ló fẹ́ bá mi jiyàn? Mi ò tíì rí igi ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ rí láyé mi.

Bàbá mi náà lọ́wọ́ nínú ilé yìí. Bíríkìlà ni, ará ìhà Wàrí, tó ti ń gbé Ajégúnlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó fẹ́ ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó sì ń sọ Yorùbá dáadáa, àfi pé kì í ya ohùn sọ́tọ̀. Lẹ́nu rẹ̀, oko, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó lè sọ pé òun fẹ́ lọ wọ oko ní ìdíkọ̀ Boundary, ìyá mi á ní, "Ọkọ ta lẹ fẹ́ wọ̀?" gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tí kì í fi ṣeré ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ògiri tí bàbá mi bá rẹ́, ẹ lè fi ojú wá àléébù lára rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òun ni ilé-iṣẹ́ náà pè nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé náà fún àlejò. Ó dí gbogbo ibi tó sán, ó fọ ojú ilé mọ́, ó sì kun ún ní ẹfun. Lọ́dọọdún lẹ́yìn òjò, wọ́n á tún pè é kó wá tún un kùn. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi níṣẹ́ níbẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ojú tì í rí.

Ní Sátidé kan, lọ́dún kẹta tí mo débẹ̀, ìyá àgbà kan wọ fẹ́rì wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lápá mú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Àwọn bí mẹ́wàá la jọ wà níwájú ilé. Mo ka orúkọ ilé, mo na ọwọ́ sí wáàfù, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ mi. Ni ìyá náà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Oko ta ni?" ó ní. "Ta ló gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀? Ìwọ ni?"

Inú bí mi. Mi ò fẹ́ràn kí èèyàn já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, pàápàá níwájú àlejò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kí n parí." Ó ní ó dáa. Kò sì ṣe sùúrù rárá. Mo sọ pé yàrá báyìí ni wọ́n ti ń jẹun, ó ní irọ́ ni. Mo sọ pé òyìnbó ló kó gíláàsì wá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyá òun ló mú àwọ̀ rẹ̀. Mo kàn ń pa á mọ́ra ni.

Nínú yàrá tó tóbi jù lókè, ihò kan wà lára pákó ilẹ̀, tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, tó ní ìdérí. Ìwé wa ní nítorí atẹ́gùn ni wọ́n ṣe é. Bí mo ṣe la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, ìyá náà ti já ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rìn lọ tààrà sí igun yàrá, kò wo ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wá ìdérí náà kàn.

"Yàrá ìyá mi rèé," ó ní. "Ibí ló máa ń jókòó sí tó fi ń wo àwọn tó ń yí àgbá epo wọlé nísàlẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí àgbá kan gba ẹ̀yìn, ohùn ìyá mi á já lé e lórí látòkè."

Gbogbo àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ibi tí ihò wà nínú ilé tó tóbi tó yẹn, kì í ṣe ẹni tó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, mo gbé àga fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún mi.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà. Epo pupa ló ń tà fún àwọn òyìnbó. Ọkọ rẹ̀, bàbá ìyá yìí, télọ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí apá rẹ̀ kò ká ju aṣọ tó ń rán lọ. Nígbà tí ilé parí tí wọ́n jọ kó wọ ibẹ̀, àwọn ará Èkó gbé ọkùnrin náà sẹ́nu. Wọ́n ní ìyàwó ló gbé e wọlé. Wọ́n ní tó bá ń lọ síta, ṣé ó máa ń tọrọ ààyè. Kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n má wò ó lẹ́yìn. Ọjọ́ kan ni ìyàwó rẹ̀ pe bíríkìlà padà, ó ní kó kọ orúkọ sí iwájú ilé: Ilé Ọkọ. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kó kà á pé ilé ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà ń gbé, kó sì gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

"Ọkọ," ni ìyá náà wí, "kì í ṣe oko. Àmì wà lábẹ́ O méjèèjì, ó róbótó báyìí. Bíríkìlà gbàgbé wọn lọ́jọ́ tó kọ ọ́, ìyá mi ní kó tún padà gun òkè. Mo wà níbẹ̀, mo kéré." Ó gbé ojú sókè bí ẹni tó lè rí ara ògiri. "Ọmọ ọmọ mi ní òun ò rí wọn níbẹ̀ mọ́. Ta ló yọ wọ́n?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ti fi irinṣẹ́ kan iwájú ilé yẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìyá náà fẹ́ kò pọ̀. Ó ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ gbé pátákó onírin sẹ́nu géètì, tí wọ́n máa ya orúkọ ilé àti ìtàn rẹ̀ sí lára. Òótọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá yí ilé náà ká, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. "Tí wọ́n bá ti ya oko sára irin," ó ní, "oko ló máa jẹ́ títí láé. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Èmi nìkan ni mo kù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Bá mi dá àmì méjì yẹn padà."

Mo sọ pé màá ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Ajé mo tọ ọ̀gá wa lọ. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí, ó wá béèrè pé, "Ìyá yẹn, ṣé kì í ṣe ọmọ onílẹ̀? Lónìí àmì, lọ́la ilẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n." Mo ní ilẹ̀ tí wọ́n máa sin ìyá náà sí nìkan ló kù tó ń wá. Ó mi orí. Ó ní òun kì í ṣe èèyàn burúkú. Kí n mú ẹnì kan wá, tí kì í ṣe ẹbí wọn, tó fi ojú ara rẹ̀ rí àmì náà lára ògiri, òun á yí ọ̀rọ̀ padà. Bí kò bá sí, kí n lọ máa ṣe iṣẹ́ mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo bá bàbá mi nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ irinṣẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó rí nǹkan kan lábẹ́ lẹ́tà iwájú ilé nígbà tó ń fọ̀ ọ́ mọ́.

"Ilé agbọ́n," ó ní. "Mo fi hámà yọ wọ́n."

"Bàbá, agbọ́n wo ló ń kọ́lé méjì tó bára dọ́gba, lábẹ́ O méjì?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Ó jẹ́ bíríkìlà, ó mọ ohun tó bára dọ́gba ju èmi lọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Mo wá sọ ìtàn náà fún un, mo ní òun nìkan ló lè jẹ́rìí sí i.

"Kí n lọ sọ fún wọn pé mo ba ilé wọn jẹ́?" ó ní. "Ta ló tún máa pè mí? Abeg, mi ò rí nǹkan kan. Agbọ́n ni."

Mo bínú sí i. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ fún bàbá rẹ̀, pé ọwọ́ tó ń fi yangàn yẹn, ó ti fi gbá orúkọ obìnrin kan kúrò láyé. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á dáhùn, ó tán.

Ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá àgbà dé, àgbàlá kún. Ọ̀gá pátápátá wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ipò náà, sọ pé Yorùbá lòun fẹ́ gbọ́. Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kejì mi ká ìwé rẹ̀. Ìyá àgbà wà lórí àga lábẹ́ ìbòòji. Bàbá mi wà nídìí ọgbà pẹ̀lú iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì, ó ń tún ibi tí òjò bàjẹ́ ṣe. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀rù kò bà mí. Mo dúró sí iwájú ilé, mo ní kí wọ́n gbé ojú sókè kí wọ́n bá mi kà á. Gbogbo wọn pariwo, "Ilé Oko!"

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń kà á fáwọn èèyàn látọjọ́ tí mo ti dé ibí," mo ní. "Mo ti ṣi gbogbo wọn lọ́nà. Ẹ̀gẹ́ kankan kò sí níbí. Obìnrin ló kọ́ ilé yìí." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti epo, ti télọ̀, ti yẹ̀yẹ́ àwọn ará Èkó, ti bíríkìlà tí wọ́n ní kó tún padà gun òkè.

Ọ̀gá wa wúkọ́. Ó ní, "Ìtàn dídùn ni. Ta ló rí àmì náà, yàtọ̀ sí Màmá tó jókòó yìí?"

Ó rọrùn láti na ìka. Gbogbo ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n yí ọrùn sí ọ̀nà ọgbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni. Mi ò lè na ìka sí bàbá mi níwájú àwọn tó ń fún un níṣẹ́ jẹ. Àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Ìyá àgbà rọra ń fọwọ́ pa etí aṣọ rẹ̀.

"Na me," ohùn kan sọ lẹ́yìn wa.

Bàbá mi ti dé àárín àgbàlá, sìmẹ́ǹtì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo rí i," ó ní. "Méjì ni. Mo rò pé ilé agbọ́n ni, mo fi hámà gbá wọn. Ọmọ mi ò parọ́."

Ọ̀gá pátápátá wò ó. "Baba, kí ló wá wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbá wọn? Ilé kí ni?"

"Ile oko," ni bàbá mi wí.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ, ó tẹnu mọ́ ọn, "Ile oko!" Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i, nítorí bó ṣe sọ ọ́, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni, bóyá oko ni, bóyá mọ́tò ni. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ti yí padà. Ó gbé àkàbà wá, ó fi í ti ògiri. Ó bu sìmẹ́ǹtì tó ti pò sínú agolo, ó gun òkè. Ó ha ojú ibẹ̀, ó wọ́n omi sí i, ó ṣù ú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ O àkọ́kọ́, ó fi ìka yí i ká títí ó fi dán. Ẹ̀rín ti tán nígbà yẹn.

"Ṣé ó ti fi sí i?" ni ìyá àgbà bi mí.

"Ọ̀kan ti wà níbẹ̀, mà. Èkejì ló ń fi sí i báyìí."

Nígbà tí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá pátápátá kà á sókè fúnra rẹ̀: Ilé Ọkọ. Ó wá tẹ̀ síwájú ìyá náà, ó bi í bóyá kí àwọn kọ ọ́ sára irin pé ìyá rẹ̀ ló kọ́ ilé.

"Rárá o," ni ìyá náà dáhùn. "Ilé Ọkọ nìkan ni kí ẹ kọ. Ìyá mi ló fi orúkọ yẹn bo bàbá mi láṣìírí, èmi kọ́ ni màá ṣí i. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa fi ẹnu sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn òjò, ẹlòmíràn ni wọ́n pè láti wá kun ilé. Wọn ò bá bàbá mi jà, wọn ò kàn pè é mọ́. Èmi ni mo bínú, èmi ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi ní kí n má ṣe wèrè. Ó ti rí iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kirikiri, ògiri ibẹ̀ gùn ju ti Àpápá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà bí ọkùnrin, mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní òun ti gbàgbé, irọ́ sì ni.

Ìyá àgbà tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ ilé-ìwé láti Ajégúnlẹ̀ ni mo mú yípo lọ́jọ́ yẹn, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu níbì kankan. Nígbà tí a dé yàrá ńlá lókè, mo bi àwọn ọmọ náà pé ta ni wọ́n rò pé ó kọ́ ilé yìí. Wọ́n ní bàbá olówó kan ni. Mo ní rárá, obìnrin kan ni.

"Ìyá mi ni," ó sọ láti ẹ̀yìn, sókè ketekete, kí gbogbo wọn lè gbọ́.